Ọgbà Inú Ilé Ẹ́ńjìnnì

Dorcas Wildgoose kò gbin nǹkan kan rí títí ó fi lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àgùntàn ló ń sìn. Ó ní ohun tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá oúnjẹ lọ, òun ò lè máa gbé omi lọ bá a. Òdòdó tí wọ́n kó wá síbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀, àgbò rẹ̀ ló fún jẹ. Bíṣọ́ọ̀bù ni àgbò náà ń jẹ́, nítorí ojú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gidi wá sí Hagdale, abúlé wa, lọ́dún kan, gbogbo wa sì rí i pé obìnrin náà ò parọ́.

Lórí òkè, lẹ́yìn ilé rẹ̀, ni Ilé Ẹ́ńjìnnì wà. Ògiri mẹ́ta àti ṣímínì kan tí èéfín ń gbà jáde nígbà kan rí, kò sí òrùlé. Àwọn baba wa ló kọ́ ọ kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa omi inú ihò òjé. Omi ló borí. Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ògiri sílẹ̀. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń wá ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní ó rẹwà. Èmi ò mọ̀ nípa ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé atẹ́gùn kì í wọ ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn àgùntàn Dorcas ti ń bímọ nígbà tí òtútù ò tíì lọ tán. Bí ògiri yẹn bá wó, àwọn ọmọ àgùntàn á kú, Dorcas á ta agbo rẹ̀, á sì kó lọ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ṣẹ́fíìdì. Ìyàwó ọmọ náà tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ilé ìwẹ̀. Dorcas ti sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní tí wọ́n bá máa rí òun níbẹ̀ mọ́, òkú òun ni wọ́n máa gbé lọ.

Ní oṣù kejì ọdún kan, nígbà tí Dorcas ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ni Jethro Bunting gbé ẹ̀rọ onígi kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fa garawa jáde nínú ihò, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín Ilé Ẹ́ńjìnnì. Òfin wa nìyẹn. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ ti sọ pé òun fẹ́ wa òjé níbẹ̀, ì báà jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́lá, ì báà jẹ́ ilẹ̀ opó. Bó bá rí òjé tó kún abọ́ Ọ̀gá Kùsà, ẹni tó ń bójú tó òfin náà, kí ọjọ́ ìjókòó ìgbìmọ̀ awakùsà tó pé, ibẹ̀ di tirẹ̀. Ó lè gbẹ́ ẹ títí ògiri á fi wó lulẹ̀.

Jethro ò gbẹ́ nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwa la gbẹ́ sàréè. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ nílé ọtí pé òjé ti gbówó lórí.

Dorcas lọ bá Ọ̀gá Kùsà, Septimus Frost, tó ń ta ìṣó àti okùn ní ìsàlẹ̀ abúlé. Ó bi í bóyá òfin ní nǹkan kan fún opó. Frost ní òfin ò mọ opó. Ibi mẹ́rin péré ni ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbẹ́: ilé tí ènìyàn ń gbé, ojú ọ̀nà, itẹ́ òkú, àti ọgbà. Ilé tí kò lórùlé kì í ṣe ilé.

Dorcas ronú díẹ̀. "Bí Jethro bá tún gun òkè yẹn wá, ó lè di itẹ́ òkú."

"Ọgbà rọrùn jù ú lọ, pẹ́pẹ́yẹ mi," ni Frost wí. Pẹ́pẹ́yẹ la máa ń pe ara wa níbí, àtọkùnrin àtobìnrin. Èébú kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Dorcas ṣe di olóko. Ó fi òkúta dí ẹ̀gbẹ́ kẹrin tó ṣí sílẹ̀, ó so géètì mọ́ ọn. Ó tọrọ kábéèjì kéékèèké káàkiri abúlé. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ náà sì jẹ́ kìkì òkúta. Ó ń ju òkúta sẹ́yìn láìwo ibi tó ń balẹ̀ sí.

Ibi tó ń balẹ̀ sí ni Jethro wà. Òun náà ń wá lójoojúmọ́. Ọjọ́ kìíní ló ti da garawa rẹ̀ dé sí kọ̀rọ̀ tí oòrùn ti ń yọ, ó jókòó lé e, ó tan páìpù tábà rẹ̀. Garawa náà ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Dorcas."

"Ìwọ náà kú ìjókòó."

Èyí tó bá wúwo tó sì ń dán nínú òkúta tí Dorcas ń jù, Jethro á na ọwọ́ mú un láìdìde, á jù ú sínú abọ́. Dorcas ò mọ̀. Òkúta ni gbogbo rẹ̀ lójú tirẹ̀.

Kábéèjì ò ṣe dáadáa. Ilẹ̀ òjé ò fẹ́ ewébẹ̀. Nígbà tí mo yọjú síbẹ̀, gbogbo wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Mo bi í kí ló ṣe wọ́n. Ó ní wọ́n ń sinmi ni.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀. A jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì wa nílé ọtí gẹ́gẹ́ bí àṣà, a fa páìpù, a gun òkè. Dorcas dúró lẹ́nu géètì, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Bíṣọ́ọ̀bù ti fo ògiri òkúta wọlé láàárọ̀ yẹn. Ó dúró láàárín ibẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Frost ní, "Ọgbà náà dà?"

Dorcas na ìka sí àgbò. "Ó wà nínú ẹ̀."

A ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ̀ nípa kápẹ́ẹ̀tì Ṣẹ́fíìdì. Frost wo bàtà ara rẹ̀ títí, ó wá sọ pé ọgbà tó wà nínú ikùn, òfin ò kà á sí. Ó ní kí Jethro gbé abọ́ wá. Abọ́ kún.

Dorcas tẹjú mọ́ ọn. "Òkúta mi nìyẹn. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

Frost mí kanlẹ̀. "Òfin ò béèrè ta ló gbẹ́ ẹ, pẹ́pẹ́yẹ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ lòfin ń wò."

Jethro dìde láti gbé abọ́ fún un. Ó ti jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi ẹsẹ̀ gbá garawa, garawa yí dànù.

Rúbáàbù, ewébẹ̀ kan tí a máa ń jẹ igi ewé rẹ̀, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Igi rẹ̀ pupa, ó gùn tó apá ènìyàn, ó ti ká kò nítorí àyè ò sí. Ọ̀kan nínú àwọn ará àtijọ́ ló gbìn ín, ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì bóyá, kó lè rí nǹkan kíkan fi súgà sè. Ọdọọdún ni àwọn àgùntàn ti ń tẹ̀ ẹ́ rẹ́ kó tó yọjú. Ọdún yìí, garawa ló bò ó. Ìyá ẹnikẹ́ni ní Hagdale ló sì lè sọ fún ọ pé rúbáàbù tí wọ́n da garawa bò ló máa ń dùn jù.

Jethro ní èpò ni. Ó ní Àǹtí Dorcas kọ́ ló gbìn ín.

"Òótọ́ ni," ni Dorcas wí. "Ìwọ ni. O sàba lé e bí adìyẹ."

Ojú Frost ti ń dán. "Òfin ò sì béèrè ta ló gbìn ín," ni ó wí. Ó ní ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ bóyá èpò ni tàbí oúnjẹ.

Dorcas já a, ó lọ fi ìyẹ̀fun àti súgà yan páì, a jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀, a ń dúró. Ó bu fún gbogbo wa, ó bu fún Jethro náà. A ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, Jethro na àwo rẹ̀ síwájú pé kí wọ́n fi kún un.

Frost gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọgbà ni," ni ó wí. Ẹjọ́ parí.

Kí oṣù tí ìgbìmọ̀ jókòó yẹn tó parí, àwọn àgùntàn bímọ sí Ilé Ẹ́ńjìnnì. Dorcas ti da garawa náà padà bo ibi tó wà, kí ọgbà má bàa parẹ́. Ó lo ọdún púpọ̀ sí i lórí òkè yẹn kó tó kú, kò sì gbin nǹkan kan mọ́.

Garawa ṣì wà níbẹ̀. Jethro máa ń sọ nílé ọtí pé tòun ni. Tirẹ̀ ni lóòótọ́. Àfi kó dìde lọ gbé e.