Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gba Nafosat Lọ́wọ́ Àlejò

Ní gbogbo àdúgbò wọn ní ìlú Margilan, kò sí ìyàwó ilé tó mọ bí a ti ń sá fún àlejò láìkúrò nílé bíi Nafosat. Fídíò ìgbéyàwó ló ń gé, tó ń tò, nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àjàrà. Bí àlejò ìyá ọkọ rẹ̀ bá ti dé, tó sì ti bu tíì àkọ́kọ́ fún wọn, á sáré wọ yàrá, á tẹ bọ́tìnì tó ń sọ gbogbo ohun tó ti gé di odidi fídíò. Bí wọ́n bá pè é, á yọ orí síta: "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ó ń sè lọ́wọ́! Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó lè kú!"

Irọ́ funfun báláú. Wákàtí mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà fi ń se fídíò kan, kò sì nílò ẹ̀ṣọ́. Nafosat á na ẹsẹ̀ sórí àga, á máa jẹ àjàrà gbígbẹ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹkún náà kì í sì í ṣe kékeré. Bó bá ń gé fídíò, àwòrán á máa ta gìrì. Ìyàwó á gbé apá sókè nínú ijó, apá á há sókè, orin á ti lọ. Nafosat kì í mọ ibi tó yẹ kó gé. Ìyàwó kan tiẹ̀ bi í pé ṣé òun jó burú tó báyẹn ni, ojú sì ti Nafosat gan-an.

Ni Qudrat, ọkọ rẹ̀, bá mú un lọ sọ́jà kọ̀ǹpútà. Hikmat ọlọ́jà gbé káàdì àwòrán ńlá kan, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán jáde, lé tábìlì, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Èyí gan-an ni!" Qudrat pariwo.

"Bàbá Durdona, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ tún ṣe, àbí àtùpà lẹ fẹ́ rà?" Nafosat bi í, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é.

Nafosat mọ àrùn tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Káàdì àtijọ́ ò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ tó lè ṣe. Mẹ́mórì ló kún dé ẹnu, tí kọ̀ǹpútà wá ń yá àyè lára dísìkì ògbólógbòó tó ń yí gbirigbiri. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́rin rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ á ra iná, ìsinmi rẹ̀ á sì dúró digbí. Ó wù ú kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju ìsinmi lọ, ohun tó sì ń bí i nínú nìyẹn.

"Gbé iná ẹ kúrò," ó sọ fún Hikmat. "Mẹ́mórì tó fi ìlọ́po mẹ́rin ju tiwa lọ ni kóo fún wa, àti dísìkì tí kì í yí."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò mà ní iná o!"

"Ṣé mo ní òkùnkùn ń dà mí láàmú ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, àlejò méje dé. Nafosat bu tíì, ó sá wọ yàrá, ó tẹ bọ́tìnì. Àjàrà tó jẹ ò tíì tó ẹ̀kúnwọ́, fídíò ti jinná. Ó wò ó: ìyàwó ń jó, apá rẹ̀ ń bá orin lọ wẹ́rẹ́. Inú Nafosat dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Salomat, ìyá ọkọ rẹ̀, ló dé. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé iṣẹ́ ti parí.

"Ó ti jinná," ìyá náà sọ.

Nafosat fò dìde. "Ìyá, mo ń bọ̀ wá..."

"Jókòó." Salomat ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀, ó bu àjàrà. "Látìgbà tí Zebo àti àwọn àlejò yòókù ti dé ló ti ń ròyìn àìsàn ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀dọ̀ yẹn."

Ohùn kan ta láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò: "Salomat! Ibo lo wà?"

Ìyá ò tilẹ̀ dìde. "Ẹ máa mu tíì yín lọ!" ó kígbe. "Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún ṣe yìí, èèyàn méjì ló ń gbà!"