Ràkúnmí Tí Kò Gbọ́ Ohùn Gúmúrù

Àlùbọ́sà tó ń yọ ṣùtì sí oòrùn, ẹ wá wò ó ní Tímíà wa, láàárín àwọn òkè aṣálẹ̀ Aírì! Iyanrìn yí wa ká, síbẹ̀ ebè àlùbọ́sà Gúmúrù máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ràkúnmí á fa okùn lọ, àpò awọ á gòkè láti inú kànga, á da omi sínú poro. Támù, ìyàwó Gúmúrù, ló máa ń pe ràkúnmí padà. Gúmúrù á wà nídìí ebè, á máa fi ọkọ́ la ọ̀nà fún omi.

Támù kú lẹ́yìn ìkórè dàbínù.

Ó wá ku Gúmúrù nìkan. Ó pe ràkúnmí láti ìdí ebè, ràkúnmí dúró gbagidi níbi tí okùn parí sí, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Gúmúrù sáré lọ dá a padà; kó tó padà dé, omi ti já ebè, iyanrìn ti mu ún. Kò pẹ́, etí ewé àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí àlùbọ́sà bá kú, kí ni Gúmúrù yóò fi ra jéró jẹ dé ìgbà òjò?

Átàkò, aládùúgbò rẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ fa omi, kọjá lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú po tíì fún un, bóyá á dá yín lóhùn! Kí lẹ tiẹ̀ ń sọ sínú aṣọ yẹn? Èmi gan-an ò gbọ́."

Òótọ́ ni! Láwàní bo Gúmúrù lẹ́nu dé imú, ohùn rẹ̀ ń kú síbẹ̀. Obìnrin ni Támù, ẹnu rẹ̀ wà ní gbangba, ohùn rẹ̀ a máa dún gooro. Kí Gúmúrù fa láwàní wálẹ̀ ńkọ́? Níwájú ta ni! Ráíṣà, ìyá Támù, ló tẹ́ ẹní sábẹ́ ọ̀pẹ dàbínù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà. Lọ́dọ̀ wa, kí ọkùnrin ṣí ẹnu sílẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sàn kó rìn ní ìhòòhò. Ikọ́ ìyá yìí sì ni ohùn èèyàn kan ṣoṣo tó kù fún un láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìyá náà wo ebè.

"Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ kí àlùbọ́sà yìí tẹ̀ lé ọmọ mi ni?"

"Ìyá, ràkúnmí ni ò gbọ́ràn."

"Ràkúnmí tó bá gbọ́ igbe inú aṣọ, iwin ni." Ó ká ẹní rẹ̀. "Oòrùn ibí ń pa mí lójú. Ẹ̀yìn ògiri ọgbà ni màá máa jókòó."

"Ìyá, ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí mo bá jókòó síbí, ebi ni yóò pa yín. Ẹ pe ràkúnmí yín."

Gúmúrù dúró títí tí kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá náà mọ́. Ó fa láwàní dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ sí i lẹ́nu. Ó ké.

Háà, ẹ ò rí ràkúnmí! Ó yí padà wéré, ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àpò sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ó tún gòkè, omi ya wọ poro, ó ń gba ebè kan bọ́ sí èkejì.

Gúmúrù na ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ní láti tijú fún mọ́, kò sì sí ẹni tí òun yóò sọ fún pé omi ti dé.