Ẹ̀fọ́rí Tí Kì Í Jẹ́ Kí Jẹ́jẹ́ Jókòó

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ti aránṣọ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ gún un pàápàá, jẹ́jẹ́ ni yóò ké "yéè".

Àfi bí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ bá dé. Lójoojúmọ́, bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, á wọ ẹ̀yìn ojú ọ̀tún rẹ̀ bí irin gbígbóná. Ojú yẹn á pọ́n yòò, á máa ṣomi. Jẹ́jẹ́ á ti ara rẹ̀ mọ́ iyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á máa lọ, á máa bọ̀, á máa forí gbá ògiri. Kí wákàtí kan tó pé, ìrora náà á ti lọ.

Wọ́n ní eyín ló fà á, ó yọ méjì dànù, pàbó ló já sí. Wọ́n ní túúlu ni, oògùn túúlu kò ràn án. Ọkàn rẹ̀ wá sọ fún un pé nǹkan ń hù nínú ọpọlọ òun, pé òun ò ní pẹ́ kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ni ìyàwó rẹ̀ bá fà á lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà, obìnrin kan tí kò tó àkọ́bí wọn lọ́jọ́ orí, bi í pé, "Bàbá, bó bá dé, ṣé ẹ máa ń dùbúlẹ̀ ni?"

"Jẹ́jẹ́ báyìí ni mo máa ń dùbúlẹ̀, ọmọ mi."

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. "Irọ́ ni! Dókítà, ó máa ń sá kiri bí ẹni tí agbọ́n ń lé!"

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò lè bò mí láṣìírí?"

"Àṣírí tó fẹ́ pa yín ńkọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn: onítúúlu kì í fẹ́ mira, òkùnkùn ló ń wá. Ti Jẹ́jẹ́ ni ẹ̀fọ́rí tí ń wá lọ́wọ̀ọ́wọ́: ẹ̀gbẹ́ kan orí, aago kan náà, omi ojú, àìlèjókòó. Ẹnu aláìsàn ló ń fi í hàn, kì í ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀, kó lè dá gbogbo wọn lójú. Àwòrán dé, kò sí ohun tó hù níbẹ̀.

"Oríṣi méjì ló wà," ni Dókítà wí. "Ọ̀kan kì í fúnni nísinmi tó pé oṣù mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ìkejì á ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù."

"Ó wá léṣìí, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni ìyàwó dáhùn. "Kò padà wá àfi oṣù yìí."

"Ìkejì ni, Màámi. Ó ṣeé tọ́jú."

Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní yóò gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ títa ẹ̀rọ kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aago méjì lù bó ti ń wọn ìbàdí oníbàárà kan. Kò sá wọ iyàrá, ó na téèpù sí oníbàárà náà.

"Màámi, ẹ bá mi di téèpù yìí mú. Ẹ̀fọ́rí mi dé, mo fẹ́ lọ sáré díẹ̀."

Ó yí ṣọ́ọ̀bù ká lójú gbogbo ayé, títí ìrora fi rọlẹ̀. Ó nu ojú, ó wọlé, ó sì wọn ìbàdí náà tán.