Ihò Púlọ́ọ̀gì Kẹta

Trotro kan, ọkọ̀ akérò, dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kokomlemle láàárọ̀ yìí, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń mísì, ó ń dún ségesège. Òórùn ọ́ìlì tó ń jó gbé mi padà sí Mamobi tí a ń gbé nígbà èwe mi, sí ọ̀sán tí èmi àti bàbá mi gbé ọkọ̀ ògbólógbòó wa lọ sọ́dọ̀ fítà tó ń tún un ṣe. A fẹ́ lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti yan yàrá tèmi nínú ilé tí Bàbá ní òun ti kọ́ síbẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, fítà ń yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń yí padà. Nígbà tó yọ ẹ̀kẹta, ohùn ẹ́ńjìnì ò yí padà. Ó tú púlọ́ọ̀gì náà, ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, ó ní kí Bàbá sítáàtì. Afẹ́fẹ́ rọra fẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ó da ọ́ìlì díẹ̀ síbẹ̀, ó tún dí i, Bàbá tún sítáàtì. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ti ìka rẹ̀ dànù.

“Alájì,” ni fítà wí fún Bàbá, “ríǹgì inú ẹ́ńjìnì ló ti gbó, kò di afẹ́fẹ́ mú mọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, màá ti ṣe é tán kí Iléyá tó dé.”

“Má kánjú,” ni Bàbá wí. “Jẹ́ kí ọdún kọjá ná.”

Mo bú sẹ́kún. Bàbá ra kelewele gbígbóná, dòdò aláta, fún mi, a sì forí lé ilé.

Mo ti dàgbà kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí fi ilẹ̀ wa hàn mí, koríko nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ilé kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a lọ sọ́dọ̀ fítà yẹn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ata ń ta mí lẹ́nu, bàbá mi sì ń súfèé.