Ṣíbí Oògùn Kan àti Ẹ́ńjìnnì Méjì

Mo ṣì kéré, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì Bàbá Rélùwéè sáré kọjá níwájú Táyé tí Táyé kò sì yí ojú wò ó. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sì tíì tán lára mi pátápátá títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹ lè máa rò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gidi ni mò ń sọ. Ohun ìṣeré ni. Kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Páànù ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ó sì ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ náà títí tí sípíríǹgì inú rẹ̀ fi le, tí a gbé e sórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí Bàbá Rélùwéè kàn mọ́ pátákó, yóò máa sáré lọ fúnra rẹ̀, yóò máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ.

Aládùúgbò wa ni Bàbá Rélùwéè, ní Igbó-Ọrà níbí. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Abẹ́òkúta kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó aṣọ àti àga bọ̀ wálé, orí ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, èyí tí ọmọ àwọn òyìnbó ti fi ṣeré tí wọ́n sì jù nù, ni òun ń ṣà kiri. Àpótí ńlá kan kún fún wọn. Òmíràn kò lẹ́sẹ̀, òmíràn kò lórí, ìpẹtà ti jẹ ikùn òmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú wọn. Á kọ́kọ́ rì í sínú kẹrosíìnì, á fi ọ̀bẹ kékeré ha ìpẹtà rẹ̀, á fi òjé jó ibi tó ya pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú epo ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò sì kán an sí i nínú. Ẹ̀kán mẹ́ta ni. Ó máa ń kà á sókè, bí ẹni ń kọ́ wa ní ìṣirò. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó tó."

Èmi àti Táyé, ìbejì obìnrin, kì í kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìyá wa kò fẹ́ràn kí a máa lọ síbẹ̀ púpọ̀.

"Ọmọbìnrin wo ló ń fi ẹ́ńjìnnì se ọbẹ̀?" ni Màmá bèèrè lọ́jọ́ kan.

Táyé ló dá a lóhùn. "Màmá, ẹ́ńjìnnì ni yóò máa gbé ọbẹ̀ náà wá bá yín níjókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni Táyé rí. Èmi Kẹ́hìndé kì í lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Nínú gbogbo àpótí yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ń rìn, èyí aláwọ̀ ewé. Àwa méjèèjì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Bàbá fún wa. Ó ní rárá. "Ìbejì ni yín. N kò lè fún ẹnì kan kí n fi ẹnì kejì sílẹ̀, n kò sì lè fi ayùn la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ẹ ní sùúrù kí n jí pupa yẹn dìde." Pupa náà dára ju aláwọ̀ ewé lọ, ṣùgbọ́n kò ní sípíríǹgì nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ bí sí ìlú yìí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí. Bí wọ́n bá ra bàtà, méjì ni. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan ní ẹran, ọwọ́ èkejì gbọ́dọ̀ kan ẹran. Ìyá tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, inú rẹ̀ kò ní balẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ lè bínú, kó sì padà síbi tó ti wá. Ìyá wa kò fi èyí ṣeré rí.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Bàbá wa wà ní oko nítòsí Tápà. Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ara rẹ̀ gbóná, Màmá sì kó wa lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé etí lé àyà rẹ̀, ó ní òtútù àyà ni, ó sì fún wa ní ìgò oògùn olómi kan. Ṣíbí kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí Màmá ṣe yíjú sí Táyé tó ń sunkún, nọ́ọ̀sì nàka sí mi. "Ìwọ, ara tìrẹ le. O ò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn yìí o."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Màmá kò gbọ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́.

Nígbà tí a délé, Màmá bu ṣíbí kan. Ó da ìdajì sẹ́nu Táyé, ó yí sí mi, ó ní, "Ya ẹnu." Mo ya ẹnu. Oògùn náà dùn bí omi ọsàn. Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo sì dákẹ́. Lára ìdí rẹ̀ ni pé mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá kọ̀ ọ́, Màmá yóò rò pé mo ń bínú. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín. Mo dákẹ́ nítorí pé ó dùn.

Bí a ṣe ń pín in nìyẹn, ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá Rélùwéè gbé ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé àti pátákó rẹ̀ wá sí yàrá wa kí ó lè dá Táyé lára yá. Ó tẹ́ pátákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fi í sílẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó kọjá níwájú Táyé. Ojú Táyé là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e. Ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ́ńjìnnì náà sáré dé òpin pátákó, ó ṣubú, ó dojú délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yí lásán. Bàbá tí kì í jẹ́ kí eruku bà lé e kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá wọlé pẹ̀lú ìgò àti ṣíbí. Ó da ìdajì sẹ́nu Táyé, ó sì yí sí mi.

"Ìyá Ìbejì," ni Bàbá wí, "ta ló ń ṣàìsàn?"

"Táyé ni, Bàbá."

"Kí ló wá gbé ṣíbí dé ẹnu Kẹ́hìndé?"

"Háà, Bàbá! Bí ẹni pé ẹ̀yin kì í ṣe ará ìlú yìí! Ṣé kí n fún ọ̀kan, kí n fi ọ̀kan sílẹ̀? Kí èyí wá bínú lọ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀kán epo mẹ́ta ni èyí ń mu. Bí mo bá pín mẹ́ta yẹn fún òun àti pupa, àwọn méjèèjì ni yóò dúró sójú ọ̀nà. Ìyá Ìbejì, odidi ni àìsàn yìí, ìdajì oògùn lẹ ń fún un."

Màmá di ṣíbí mú. Kò sì gbé e sílẹ̀. Ó ń wo Táyé, ó ń wò mí. Bàbá kọjú sí mi.

"Kẹ́hìndé, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Ìwọ lo rán an ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bí gbogbo oògùn yìí bá jẹ́ tirẹ̀, ṣé wàá bínú?"

Mo ní, "N kò ní bínú." Ẹnu mi kò sì dúró síbẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n má mu ún."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Màmá kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó kàn wò mí, ó da ìyókù ṣíbí náà sẹ́nu Táyé, ó sì fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, Màmá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Táyé, òun sì ń tì í lọ sílé ìwòsàn. Èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú eruku.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mi orí. Ó gún Táyé lábẹ́rẹ́. Ó wá gbé ìgò méjì kalẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. "Èyí ni ti Táyé. Ẹ má fi han Kẹ́hìndé rárá. Èyí ni ti Kẹ́hìndé. Ẹ ti rí i báyìí, wọ́n pé méjì." Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú tèmi. Ó ń ta lẹ́nu bí ìpẹtà tí Bàbá ń ha kúrò lára irin. Mo mu ún láìjanpata. Nọ́ọ̀sì ní kí a ṣọ́ Táyé dáadáa, kí a sì gbé e padà wá ní ọjọ́ kẹwàá kí òun gbọ́ àyà rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun.

Ọjọ́ mẹ́wàá! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ni mo ń sá sí. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé aago orí tábìlì rẹ̀ jáde, èyí tó ní agogo lórí. Ó ní aago náà ló ń jí òun lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí òun wà ní Abẹ́òkúta. "Ta ni mo tún ń jí fún?" Ó tú u, ó fi ẹ̀mú fa sípíríǹgì inú rẹ̀. Sípíríǹgì náà ta jáde, ó ya á níka, ó sì bọ́ sínú eruku. Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀jẹ́ kan wà lọ́kàn mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, pé bí pupa bá rìn, Táyé yóò yè. Bí kò bá rìn, ó parí.

Bàbá ń fi ètè mu ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀. Ó wò mí, ó sì mọ̀. "Má so ẹ̀mí àbúrò rẹ mọ́ irin lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ń ṣe tirẹ̀, èmi ń ṣe tèmi. Bá mi wá sípíríǹgì yìí."

Mo rí i. Ó gé e kúrú, ó ká a sínú ẹ́ńjìnnì pupa. Onígbàgbọ́ ni Bàbá, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìpè àsùbáà láti mọ́sálásí wa ló ń jí i.

Bàbá ti lọ, ó ti pẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí rẹ̀ wà. Mo ti fi kún un, nítorí mo máa ń yẹ ẹrù òkìrìkà wò ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, bóyá n ó rí orí ọkọ̀ kan tó bọ́ sínú ohun ìṣeré àwọn ọmọ òkè òkun. Kẹrosíìnì náà ni mo ń lò, ìyẹ́ adìẹ náà ni. Bí mo bá rí ọ̀kan, n kì í fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi rí èkejì rẹ̀. Àwọn ọmọ yín ń wo ọkọ̀ ojú irin nínú fóònù báyìí, wọ́n sì ń bi mí pé ta ló ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tuntun tiẹ̀ ń sáré láti Èkó dé Ìbàdàn. N kò tíì wọ̀ ọ́. Ẹ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ka ara ìgò oògùn kí n tó fún ọmọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Kàdúná ni Táyé ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Aláwọ̀ ewé wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pupa wà lọ́dọ̀ mi. Tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ló máa ń gbé e wálé, a ó sì tò wọ́n sórí pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀nà ti dà nítorí àwọn ajínigbé. Èmi gan-an ni mo ní kó má wá. Ó máa ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà. Èmi náà a yí tèmi. Nígbà mìíràn, a kì í sọ nǹkan mìíràn kí a tó pa fóònù.

Bí mo bá ti pa á báyìí, ọjọ́ kẹwàá yẹn ni ọkàn mi ń padà sí. Nọ́ọ̀sì gbé nǹkan sétí, ó gbọ́ àyà Táyé níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ níwájú. Màmá di ọwọ́ mi mú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dì í mú láti ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti mọ́. Ẹ máa gbé e lọ sílé, kò sí ewu mọ́."

Bàbá ti tẹ́ pátákó sílẹ̀ dè wá. Ó kán epo, mẹ́ta sí èyí, mẹ́ta sí tọ̀hún. Aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀, pupa tẹ̀ lé e. Táyé jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rù bí igi ìgbálẹ̀. Mi ò wo ẹ́ńjìnnì rárá, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ojú náà yí. Ọrùn rẹ̀ yí pẹ̀lú. Ó tẹ̀ lé méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ pátákó dé òpin rẹ̀, títí wọ́n fi ṣubú lura wọn sílẹ̀.

"Kẹ́hìndé," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ, "oògùn mi tí o mu yẹn, ṣé ó dùn?"

Mo ní, "Ó dùn."

"Olè. Ó yá, lọ gbé ẹ́ńjìnnì mi wá, kó tún sáré."

Mo sì lọ gbé e.