Onílù Zinco Velho

Bí Akíndúró bá ti ibi iṣẹ́ délé, kì í kọ́kọ́ jókòó. Bó bá jókòó, ìdìde á tún di iṣẹ́ mìíràn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń gbé àwọn arúgbó dìde, tó tún ń gbé wọn sùn, nílé ìtọ́jú kan ní Longbridge nílùú Ọba, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Ìlù òyìnbó tó máa ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Dagenham pàápàá, ó ti fi í sílẹ̀ fún àwọn tí egungun wọn ṣì ń gbọ́ràn.

Ẹ má wo ìrísí rẹ̀ o. Ọkùnrin yìí ti lùlù rí fún ẹgbẹ́ olórin kan tí àwọn ọmọ Brazil mọ̀ bí ẹni mowó.

Ní ọdún 2002, kò ní pépà ìgbélùú. Olúṣínà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní in, ó sì ní kó máa fi tòun ṣiṣẹ́ kí ebi má baà pa á. Bí Akíndúró ṣe di Olúṣínà nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ní ọ́fíìsì. Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni; ìjánu ẹlòmíì ló wà lẹ́nu tirẹ̀, bí wọ́n bá sì fà á, á jẹ́ wọn lóhùn kíá. Níbẹ̀ ló ti pàdé Rogério, ọmọ Brazil tí òun náà ń gbálẹ̀, tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó ń jẹ́ Zinco Velho, ìyẹn ògbólógbòó páànù. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, àmọ́ irú èyí tí rédíò kì í fẹ́ẹ́ gbọ́: gìtá á máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, orin á sì dákẹ́ lójijì níbi téèyàn ti ń retí pé kó gbóná. Ìyá onílù wọn ń ṣàìsàn, onílù náà padà sílé. Akíndúró ní òun á lù ú. Ó bọ́ bàtà bó ṣe máa ń bọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó, ó sì ki ìlù aládùúrà sábẹ́ gìtá wọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún méjì ni wọ́n fi jọ ṣeré nínú gáréèjì kan ní Barking, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe àwo orin àkọ́kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sí São Paulo, wọ́n ní kó bá àwọn lọ. Ta ni yóò fi orúkọ olórúkọ wọ bàálù? Ó ní òun ò lọ. Wọ́n lọ, wọ́n sì di olókìkí. Ní ẹ̀yìn páálí àwo náà, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀: onílù, Olúṣínà Adébọ̀wálé.

Akíndúró padà gba pépà tirẹ̀. Ní 2012, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Olúṣínà, ó sì fi Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Zoe, ọmọ ọdún márùn-ún.

Zoe ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tó gbé fóònù wá bá Akíndúró ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Rogério ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn sínú ìwé. Ó wá Olúṣínà káàkiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ ló rí.

"Uncle, ṣé ẹ mọ̀ pé Daddy wà nínú band? Like, a proper band?"

Akíndúró ti lanu. Ó fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé náà. Ẹ má jẹ́ ká fi bò, ó fẹ́ ẹ gan-an ni. Nǹkan kan ṣoṣo tó ti ṣe nílùú yìí tí kì í ṣe làálàá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ń dán. Ọmọ tó ti sọ fún un rí pé òun ò rántí ohùn bàbá òun mọ́. Akíndúró ní, "Mo mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì Morónkẹ́ pè é.

"Bọ̀dá Akin, bàbá Zoe tí mo fẹ́, kò lè pàtẹ́wọ́ kó bá orin mu. Mo mọ ẹni tó lùlù yẹn. Mo mọ ìgbà tí ẹ ń lo pépà ẹ̀."

Akíndúró gbé fóònù sí etí kejì.

"Ọmọ yẹn ti lẹ fọ́tò band yẹn mọ́ ògiri. Onílù dorí kodò, àtàrí ẹ̀ nìkan ló hàn, ó ní orí òun nìyẹn gẹ́lẹ́. Àmọ́ orúkọ yín ni, mi ò ní bẹ̀ yín. On Sunday ló fẹ́ bá Rogério sọ̀rọ̀ lórí video. Tí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ wá sọ ọ́ lójú mi."

Inú bí i sí gbogbo wọn, títí kan òkú. Ṣùgbọ́n òkú náà ló ṣe é lóore, ibo lèèyàn ti ń fẹjọ́ oore sùn?

Lọ́jọ́ Sunday, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé wọn ní Barking Riverside, kò sì tíì mọ ohun tóun máa sọ. Zoe ti gbé fóònù dúró sórí tábìlì.

"Uncle, ẹ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Bó bá jókòó síbẹ̀, Rogério á dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ó ní òun fẹ́ mumi. Ó wọ kíṣìnnì, ó bá Morónkẹ́ níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Rogério. Ohùn náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣì ń kọsẹ̀ síbi tó ti máa ń kọsẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí Olúṣínà wà. Zoe, tí kò fẹ́ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, wá sọ fún un pé bàbá òun ti kú. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà ọkùnrin bú sẹ́kún nínú fóònù, kò sì fi pamọ́. Ó ní láti ìgbà yẹn kò sí onílù tó tíì mú orin àwọn dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́ pè é láti ọdún gbọọrọ, pé ojú ló ń ti òun nítorí bí àwọn ṣe fi í sílẹ̀. Ó béèrè bóyá ó jìyà kó tó kú.

Akíndúró dúró sí kíṣìnnì, ó ń gbọ́ ẹkún tí wọ́n ń sun lé òun lórí. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín òun àti fóònù náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Morónkẹ́ kò dì í mú; ojú fèrèsé ló kọjú sí. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò mọ èyí tó rọrùn jù nínú lílọ àti dídúró. Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà.

Nígbà tó yá, Zoe wọlé tọ̀ wọ́n wá, omijé lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó dì mọ́ ọn.

"Uncle, wọ́n love Daddy gan-an."

"Mo gbọ́, ọmọ mi," Akíndúró ní. "Mo gbọ́."