Nọ́fíù Fọ́káníṣà àti Ihò Kejì

Ihò méjì ni ó wà lára túùbù náà. Nọ́fíù rí ọ̀kan, ó lẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì ní kí obìnrin tó ni ọkọ̀ máa lọ ní àlàáfíà. Obìnrin náà kò tíì dé Ibafo tí táyà fi tún rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó gun ọ̀kadà padà wá sí Mowe, ó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí ló ń lé ọ? Ìgbà tí o rí ọ̀kan, ta ló sọ fún ọ pé ó ti tán?"

Ọdún tí Nọ́fíù gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni èyí ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kì í yọ túùbù kúrò nínú báàfù omi àfi bí ó bá yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa fọn fèrè ọkọ̀ sí i létí, ẹ máa pòṣé, kò kàn án. Yóò máa tẹ túùbù rì díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa wo ojú omi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, omi yóò máa hó níbẹ̀. "Omi kì í purọ́," ni ó máa ń wí. "Àwa ni a kì í dúró wò ó."

Ohun tí ó mọ̀ dáadáa lórí túùbù yìí, ó gbàgbé rẹ̀ pátápátá nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Nọ́fíù wà ní Mowe, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ilé tó háyà kò jìnnà síbẹ̀. Nurat ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọta ní Ibafo. Hanifah ni àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ tó máa ń dákẹ́ débi pé àlejò lè jẹun tán nílé wọn kó má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-kéú Àáfà Muqtadir, òun ni ó ń ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò ké Alùkùránì lójú gbogbo ènìyàn láti fi hàn pé ó ti parí rẹ̀. Ó ku oṣù kan ààbọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Hanifah jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ké Alùkùránì láìwo ìwé. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ní irú rẹ̀. Ó ga, ó mọ́ gaara, kò sì há. Nọ́fíù ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú rẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Òun tí kò kọjá súrà mẹ́wàá ní ilé-kéú! Ta ni òun tí Ọlọ́run fi gbé irú èyí sínú ilé òun?

Àwọn ará àdúgbò ń sọ títí di òní pé ọjọ́ méje ni ọmọ náà fi ké e. Kì í ṣe ọjọ́ méje. Ọjọ́ Ẹtì ni ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó já sójú títì, ọjọ́ márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò sí ẹni tó rí i kí ó sùn. Àwọn ènìyàn ń rọ́ wá. Ìyá Ìníolúwa, obìnrin onígbàgbọ́ tó wà ní yàrá kejì, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀sìn mi o, àmọ́ ara mi ò gbà á kí n kúrò níbí."

Ní ọjọ́ Àìkú, Fàúsátù, ẹ̀gbọ́n Nọ́fíù, ti Ifọ̀ dé. Òun ni ó tọ́ Nọ́fíù dàgbà. Bí ó ti gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà, ó dúró gbagidi, ó di ara ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni ó figbe ta.

"Nọ́fíù! O ti bí wòlí! Ìran wa ti yọ!"

Ó lọ ra omi inú ike, ó kó o síwájú Hanifah kí ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sí i. Nurat nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá Hanifah, ọmọ yìí kò jẹun láti àná. Ó ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìta. Ó ní málékà ló ní kí òun kó o jáde."

Fàúsátù dá a lóhùn. "Ẹni tí málékà ń bá sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ̀bà ṣe?"

"Àǹtí, málékà tí kò bá fẹ́ kí ọmọ mi jẹun, kí ó wá bá èmi gan-an sọ ọ́."

Wọ́n wo Nọ́fíù. Nọ́fíù yíjú padà sí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run ti mú un, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ẹ̀rù náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ń tẹ túùbù kan rì sínú omi nígbà tí ó gbọ́ bí táyà ti ń ha títì lẹ́ẹ̀kan náà, táyà púpọ̀. Ó gbójú sókè. Hanifah ni ó dúró láàárín títì márosẹ̀, nínú aṣọ funfun, ó na ọwọ́ méjèèjì. Tírélà kan dúró síwájú rẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, iwájú rẹ̀ yóò wọlẹ̀ kí ó tó gbé orí padà. Ohun tí Hanifah ń wò nìyẹn.

"Bàbá, ẹ wò ó! Ẹ ò rí i bí gbogbo wọn ti ń foríbalẹ̀?"

Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ìyàwó. Nọ́fíù kò mọ bí òun ti dé àárín títì. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó gbé e, àwọn awakọ̀ ń ṣépè lé wọn lórí, Hanifah sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí ji àwọn awakọ̀ náà.

Àáfà Muqtadir dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àáfà yìí kì í ṣe ẹni tó máa ń yin ọmọ. Bí o bá ké ogún ẹsẹ tó o ṣi ọ̀kan, ọ̀kan yẹn ni yóò bá ọ sọ. Ó jókòó síwájú Hanifah, ó di ojú, ó ń gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí mi orí, kì í ṣe mímì ìdùnnú.

"Ta ni nínú yín tó ń gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń ké?"

"Gbogbo wa ni, Àáfà," ni Fàúsátù wí.

"Ẹ ò gbọ́ ọ. Ohùn lẹ ń gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kan, kò parí rẹ̀ tó fi bọ́ sínú súrà mìíràn. Láti ibẹ̀ ó fò sí ìkẹta. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọmọ yìí, kò ké báyìí fún mi rí. Èyí kì í ṣe kéú. Ara ọmọ yìí kò yá. Ẹ gbé e lọ sí Arò."

Orúkọ ilé ìwòsàn Abẹ́òkúta yẹn bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn bí òkúta. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Fàúsátù dìde.

"Arò kẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Wòlímọ̀ ńkọ́? Mo mọ ilé kan ní Ifọ̀ tí wọ́n ti lè so ó mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

Nọ́fíù kúnlẹ̀ síwájú Àáfà. "Àáfà, ẹ bá wa gbàdúrà ná. Bóyá..."

"Nọ́fíù, bí wọ́n bá gbé táyà tó jò wá bá ọ, kí lo máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo máa ń ṣe bísímílà ni, Àáfà."

"Ó dára. Lẹ́yìn bísímílà ńkọ́?"

Nọ́fíù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Màá tú u."

"Mo ti bá ọ ṣe bísímílà," ni Àáfà wí. "Lọ tú u."

Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Fàúsátù náà bá wọn lọ. Hanifah kọ̀, kò wọ ọkọ̀. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò tíì parí. Àáfà kò bá a jà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó sì pè é bí ó ti máa ń pè é ní ilé-kéú. "Hanifah, wá ka ti òní fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀." Ọmọ tó ti gbàgbé oorun àti oúnjẹ kò gbàgbé ìyẹn. Ó wọlé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti fò, Àáfà á ní, "Padà." Á padà. Láti Mowe dé Ọ̀fàdà, láti Ọ̀fàdà dé Òwódé, títí wọ́n fi wọ Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni: padà, padà, padà. Nọ́fíù jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè fi àtúnṣe di ènìyàn mú kó má bàa ṣubú.

Ó rò pé dókítà yóò wo ọmọ náà fìrí, yóò sì kọ oògùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Rosemary fa Hanifah lọ́wọ́ lọ sí yàrá kejì, ó ń bi í pé ta ló di irun rẹ̀ tó dára báyìí. Dókítà Olúsànyà sì bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Nọ́fíù, Nurat àti Fàúsátù.

Ó bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ wo ni oorun dá lójú rẹ̀? Ṣé ó ti banújẹ́ rí, tó dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé orí ti fọ́ ọ? Ó bi wọ́n, ó gbọ́, ó tún bi wọ́n. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ irú èyí ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí yín?"

"Rárá o!" Fàúsátù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Ìran wa mọ́."

"Kò sí," ni Nọ́fíù náà wí.

Dókítà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn jókòó, ojú rẹ̀ tutù, bí ẹni tí kò ní ibi mìíràn láti lọ láyé. Fáànù ń yí. Nurat wúkọ́. Ó pẹ́ débi pé ìtìjú fẹ́ mú Nọ́fíù, àfi bí ó ṣe rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fàúsátù ń tú ìborùn rẹ̀, ó ń wé e, ó tún ń tú u. Ara Nọ́fíù sọ fún un kí ó tó gbọ́. Ó ti wo ojú omi fún ogún ọdún. Ó mọ bí ó ti máa ń rí kí ó tó hó.

"Ìyá wa ni," ni Fàúsátù wí.

Nọ́fíù jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ ṣòwò ní Kútọnu, àti pé ibẹ̀ ni ó kú sí. Kò lọ sí Kútọnu. Inú ahéré kan lẹ́yìn Ọbáfẹ́mi ni wọ́n so ó mọ́, Fàúsátù ọmọ ọdún méjìlá ni ó sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un.

"Orin ni tirẹ̀," ni Fàúsátù wí. "Kì í sùn, yóò máa kọrin. Ohùn ọmọ yìí gan-an ni. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo dé ẹnu ọ̀nà Nọ́fíù, mo mọ ohùn náà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń pariwo wòlí, kí n má bàa gbọ́ ohun tí mo mọ̀." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Wọ́n ní bí a bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ wa. Má bínú sí mi."

Nọ́fíù dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá dókítà. Kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe fún ọmọ ọdún méjìlá tó gbé oúnjẹ dé ìdí ẹ̀wọ̀n.

Ìgbà náà ni dókítà mú kálàmù. Ó ṣàlàyé fún wọn pé àìsàn ni, pé ó máa ń wà nínú ẹbí kan bí ìtọ̀ ṣúgà ti máa ń wà nínú òmíràn, pé oògùn wà fún un, àti pé Hanifah yóò máa lò ó fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe títí ara rẹ̀ yóò fi yá nìkan. Nípa ọ̀rọ̀ ìdè, ó ní, "Níbí, oorun la kọ́kọ́ máa ń wá fún wọn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì Rosemary fi ìka pe Nọ́fíù wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Hanifah ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ kan wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nọ́fíù dúró, ó ń wo àyà ọmọ náà bí ó ti ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ bíi ti ọjọ́ Ẹtì, ó tiẹ̀ jù ú lọ. Àáfà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Nísinsìnyí ni kí o ṣe sùbúhánáláhì."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Hanifah lò níbẹ̀. Wòlímọ̀ yẹ̀ sí ọdún kejì. Ní ọjọ́ náà, ó ké pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ kéré, àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti na ọrùn. Ní àárín kan ó ṣi ẹsẹ kan. Nurat di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Padà," ni Àáfà wí. Hanifah padà, ó mú un, ó ké e títí dé òpin, kò sì fo ọ̀kan. Fàúsátù ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún, Ìyá Ìníolúwa ni ìkejì.

Nọ́fíù ṣì wà ní Mowe, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kò ní bá a. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n rí i ní Abẹ́òkúta, lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá Dókítà Olúsànyà, Hanifah wà ní ọ̀tún rẹ̀, Fàúsátù wà ní òsì.